Kí Ẹ Tó Sanwó Ilẹ̀ ní Sèmè-Kpodji, Ẹ Bi Àkọsílẹ̀ Ìjọba Léèrè

Ìwé kan ṣoṣo ni alágbàtà ilẹ̀ sábà máa ń mú wá. Bébà lásán ni, wọ́n ti ká a sí mẹ́rin, òógùn ti ba igun rẹ̀ jẹ́. Àwòrán ilẹ̀ wà láàárín, òǹtẹ̀ awọnlẹ̀ wà nísàlẹ̀, tábìlì kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í kà: B1, B2, B3, B4, nọ́ńbà gígùn méjì sì wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó fẹ́ rà ń wo yanrìn, ó ń wo igi àgbọn, ó ń ṣírò bí títì ṣe sún mọ́ ọn tó. Alágbàtà ń wo àpò ẹni tó fẹ́ rà. Tábìlì kékeré yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí òun ni yóò mú yín dé ìdí àkọsílẹ̀ ìjọba.

Bí mo bá ní "dátà ìjọba", ẹlòmíràn á rò pé mẹ́gà tí a ń rà sórí fóònù ni. Rárá o. Ohun tí ìjọba ti fi owó orí wa kà, tó wọ̀n, tó sì kọ sílẹ̀ ni: iye èèyàn tó wà ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ààlà ilẹ̀, ìnáwó mérì (ọ́fíìsì ìjọba ìlú), iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún agbaṣẹ́ṣe, òfin tí wọ́n fọwọ́ sí. Bí wọ́n bá gbé e síbi tí ọwọ́ gbogbo èèyàn lè tó o, tí wọn ò gbowó, tí wọn ò bi yín pé ta lẹ mọ̀, tí wọ́n sì gbà kí ẹ lò ó bó ṣe wù yín, àkọsílẹ̀ gbangba nìyẹn. Amẹ́ríkà ṣí data.gov ní 2009, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí tirẹ̀ ní 2010, Kẹ́ńyà ní 2011, Ìpínlẹ̀ Ẹdó ní Nàìjíríà ní 2013. Ní ti Benin, Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà ti la ojú-ìwé kan fún àwọn ìṣirò gbogbogbòò orílẹ̀-èdè náà, ṣùgbọ́n èyí tó wúlò jù fún ará ilé fọ́n káàkiri ni. Ilẹ̀ wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan, òfin wà lọ́wọ́ òmíràn, iye èèyàn lọ́tọ̀, iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe lọ́tọ̀. Ẹni tí kò mọ ilẹ̀kùn tó yẹ kó kàn á ní kò sí ẹni nílé.

Kí ló dé tó jẹ́ ilẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀? Ẹ wo ibi tí Sèmè-Kpodji wà. Kútọnu ní ìwọ̀-oòrùn, Àjàṣẹ́ ní àríwá, Nàìjíríà ní ìlà-oòrùn, òkun ní gúúsù. Ẹni tí ilẹ̀ Kútọnu ti wọ́n jù fún ń sún bọ̀ níbẹ̀, ẹni tó ń ṣòwò ní ẹnubodè Kraké ń wá ibi tí yóò kọ́lé sí, àwọn ará Èkó àti Àgbádárìgì náà ń sọdá wá. Ìkànìyàn 2002 rí nǹkan bí 115,000 èèyàn níbẹ̀. Ti 2013 rí èèyàn tó lé ní 222,000. Láàárín ọdún mọ́kànlá péré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Èèyàn ń pọ̀, ilẹ̀ ò pọ̀ sí i, ni wọ́n bá ń ta ilẹ̀ kan fún ẹni méjì, nígbà mìíràn fún ẹni mẹ́ta.

Nọ́ńbà inú tábìlì

Ìwé tí alágbàtà mú dání yẹn, levé ni gbogbo èèyàn ń pè é. B tó wà níbẹ̀ dúró fún òkúta ààlà. Òkúta mẹ́rin, igun mẹ́rin. Nọ́ńbà gígùn méjì tó wà níwájú rẹ̀ ni X àti Y: X ń sọ bí igun náà ṣe lọ sí ìhà ìlà-oòrùn tó, Y ń sọ bí ó ṣe lọ sí ìhà àríwá tó. Mítà ni wọ́n fi ka méjèèjì. Gbogbo etíkun Benin bọ́ sínú ẹkùn kan náà nínú ọ̀nà tí àwọn awọnlẹ̀ fi ń pín ayé, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ báyìí: WGS84 UTM 31N. Bí ìwé yín kò bá kọ ọ́ síbì kankan, ẹ béèrè lọ́wọ́ awọnlẹ̀ tí òǹtẹ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀.

Ohun tí ẹ lè fi ojú lásán yẹ̀ wò rèé, kí ẹ tó tan fóònù pàápàá. Ilẹ̀ tó bá wà ní Sèmè-Kpodji lóòótọ́, X rẹ̀ á wà láàárín nǹkan bí 441,000 sí 470,000, Y rẹ̀ á sì wà láàárín nǹkan bí 700,000 sí 713,000. Bí X bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 43, àárín Kútọnu lẹ wà. Bí Y bá ti lé ní 716,000, ẹ ti wọ Àjàṣẹ́. Bí X bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 37, ọ̀dọ̀ Grand-Popo nìyẹn, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilẹ̀ Togo. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jẹ́ jìbìtì. Ẹni tó tẹ ìwé lè gbé nọ́ńbà kan síwájú èkejì. Ṣùgbọ́n owó yín kọ́ ló yẹ kó san gbèsè àṣìṣe rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yọ X ti B1 kúrò nínú X ti B2. Ká sọ pé ọ̀kan jẹ́ 455,120, èkejì 455,140, tí Y wọn kò sì yàtọ̀ síra: ogún mítà ni ẹ̀gbẹ́ yẹn. Bí wọ́n bá ní ilẹ̀ náà jẹ́ 500 mítà onígun mẹ́rin, ẹ̀gbẹ́ kejì gbọ́dọ̀ jẹ́ mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mo ti rí levé tí ẹnu ń pè ní 500, tí nọ́ńbà rẹ̀ kò sì ju 410 lọ. Onílẹ̀ ní awọnlẹ̀ ló ṣe é, awọnlẹ̀ ní bí òun ṣe bá a lòun ṣe wọ̀n ọ́n. Bí ilẹ̀ náà bá dúró ní ìdábùú, ìṣirò yìí á le díẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ yín tó wà nílé-ìwé girama lè ṣe é. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà lè kó nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú QGIS, tí wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Kódù tí ẹ ó yàn níbẹ̀ ni EPSG:32631. Òun á fa ìlà náà, á sì sọ bó ṣe fẹ̀ tó.

Nígbà tí nọ́ńbà bá ti dúró dáadáa ni kí ẹ tó gbé e lọ bá ìjọba. Ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ ní Benin ni ANDF. Òfin ilẹ̀ 14 oṣù Kẹjọ 2013 ló bí i. Cadastre.bj ni ojú-ìwé kadásítà wọn, ìyẹn àkọsílẹ̀ ààlà ilẹ̀, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Pàsẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan tó ti wọ inú kadásítà ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní NUP, ilẹ̀ méjì kò sì jẹ́ NUP kan náà. Ẹ béèrè NUP lọ́wọ́ ẹni tó ń tà. Bí ojú rẹ̀ bá yí padà, ẹ ti rí nǹkan kọ́.

Ohun tí ẹ ń wá kì í ṣe bóyá ilẹ̀ náà wà nìkan. Ẹ ń wá ohun tó bò ó mọ́lẹ̀. Àkọsílẹ̀ ANDF ní ìpele-ìpele bí aṣọ tí a tò léra: ilẹ̀ tó ti ní titre foncier (TF), ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣe TF rẹ̀ lọ́wọ́, ilẹ̀ ìjọba, ilẹ̀ tí ẹjọ́ wà lórí rẹ̀, etí òkun, etí ọ̀sà, ibi tí wọ́n dá ààbò bò, ibi tí omi máa ń bò. Ní Sèmè-Kpodji, mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ló ń pa èèyàn jù, torí ìlú náà há sáàárín òkun àti ọ̀sà. Ẹni tó ra etí ọ̀sà kò ra nǹkan kan. Ti gbogbo ìlú ni, kò sì sí ẹbí tó lè tà á. Ohun tí kò bá hàn lójú fóònù, ẹ mú levé yín lọ sí ọ́fíìsì wọn, kí ẹ béèrè ìpele kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Ẹ má kàn bi wọ́n pé ṣé ilẹ̀ yìí dára. Ẹni tó bá béèrè báyẹn á gba ìdáhùn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ yékéyéké. Bí ẹ bá dé orí àwòrán tí ẹ kò rí ohunkóhun lórí ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ rà, kò túmọ̀ sí pé ilẹ̀ náà mọ́. Ó lè jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò tíì kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Alágbàtà á ní, "Ẹ ò rí i, kò sí wàhálà kankan." Àkọsílẹ̀ tó dákẹ́ kò jẹ́rìí fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí ẹ tú ìdí ẹbí tó ń tà, kí ẹ bi olórí àdúgbò, kí ẹ bi ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, kí ẹ sì bi ìyàwó ilé tó ń ta gààrí lójú títì, ẹni tó mọ gbogbo ọkọ̀ tó ti wá wo ilẹ̀ náà rí.

Ní ti ìwé tí ẹni tó ń tà yóò gbé kalẹ̀, òfin 2013 yẹn, tí wọ́n tún ṣe ní 2017, fi ọ̀kan ga ju ìyókù lọ: titre foncier, tí a ń pè ní TF. Òun nìkan ló fi hàn pé ẹnì kan ni ó nilẹ̀ pátápátá. Ìwé pé ẹbí ló ni ín láti ọwọ́ bàbá ńlá, ìwé pé wọ́n pín in fún un nígbà tí wọ́n gé àdúgbò, ìwé owó orí ilẹ̀, gbogbo wọn kàn ń sọ pé ó dà bí ẹni pé òun ló ni ín ni. Wọ́n wúlò láti fi béèrè fún TF, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sanwó TF fún wọn. Bí TF bá wà, ẹ béèrè fún état descriptif rẹ̀ lọ́wọ́ ANDF. Ìwé yẹn á sọ orúkọ tó wà lórí ilẹ̀ náà lónìí, á sì sọ bóyá báńkì kan ti so ó mọ́ gbèsè. Èyí dà bí wíwá ìwé ilẹ̀ ní Alausa tí àwọn ará Èkó mọ̀. Ọmọ onílẹ̀ wà ní Sèmè bó ṣe wà ní Lẹ́kì, orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n nìkan ló yàtọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọdá láti Nàìjíríà, òfin náà ní ohun tó sọ nípa ilẹ̀ tí àjèjì lè rà àti èyí tí kò lè rà, pàápàá ilẹ̀ ìgbèríko. Ẹ má gbọ́ ọ lẹ́nu alágbàtà. Ojú-ìwé akọ̀wé àgbà ìjọba, sgg.gouv.bj, ní òfin náà ní odindi, ọ̀fẹ́ ni: ẹ wá nọ́ńbà 2013-01, kí ẹ tún wá 2017-15 tó tún un ṣe. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹni tí kò gbọ́ Faransé, kó wá ọmọ tó gbọ́ ọ, kó ra mínírà fún un, kí wọ́n jókòó kà á fún wákàtí méjì.

Ohun tí àkọsílẹ̀ kò lè rí

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ra ilẹ̀ nígbà ọyẹ́, tí yanrìn gbẹ fúrúfúrú. Omi odò Ouémé máa ń dé láti òkè ní oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá, ọ̀sà Nokoué á kún, ilẹ̀ tí ẹ fi bàtà rìn lórí rẹ̀ á sì di ibi tí wọ́n ń tukọ̀. Ní 2010, omi ya wọ márùndínlọ́gọ́ta nínú ìlú mẹ́tàdínlọ́gọ́rin tí Benin pín sí. Ó lé ní 600,000 èèyàn tó bá wàhálà. Ìpele "ibi tí omi ń bò" tó wà nínú kadásítà wúlò, ṣùgbọ́n ẹ padà lọ síbẹ̀ ní oṣù Kẹwàá kí ẹ tó san èyí tó kù nínú owó. Ẹ wo ara ògiri àwọn ilé tó wà nítòsí. Ìlà tí omi fà sára ògiri kì í parẹ́ kíákíá.

Kò sì sí àkọsílẹ̀ kankan tó lè sọ fún yín pé aládùúgbò yín ń kó epo kpayo (epo bẹntiróò fàyàwọ́) pamọ́. Ní 23 oṣù Kẹsàn-án 2023, ibi tí wọ́n ń kó irú epo bẹ́ẹ̀ sí gbiná ní Sèmè-Kraké, èèyàn tó lé ní ọgbọ̀n ló kú. Ẹ fi imú yín ṣiṣẹ́.

Iye èèyàn àti iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe

Kì í ṣe ẹni tó fẹ́ kọ́lé nìkan ni àkọsílẹ̀ ìjọba wà fún. Ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ ṣí ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ní Djèrègbé ní láti mọ iye ọmọdé tó wà níbẹ̀. Ìwé kan wà fún un. Lẹ́yìn ìkànìyàn 2013, ilé-iṣẹ́ ìṣirò orílẹ̀-èdè, tí a ń pè ní INSAE nígbà yẹn tó ti di INStaD báyìí, ṣe ìwé kan fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tó ka abúlé àti àdúgbò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: iye agbo ilé, ọkùnrin, obìnrin, àti iye tó wà nínú ọjọ́ orí kan sí òmíràn. Ti Ouémé ni kí ẹ wá. Ẹ yí i dé Sèmè-Kpodji, ẹ ó rí ẹkùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà: Agblangandan, Aholouyèmè, Djèrègbé, Ekpè, Sèmè-Kpodji fúnra rẹ̀, àti Tohouè.

Ẹ ṣọ́ra fún ọjọ́ orí ìwé náà. Èmi fúnra mi ti ṣe ìṣirò rí lórí nọ́ńbà 2013 bí ẹni pé àná ni wọ́n kà á, mo sì fọwọ́ sọ̀yà pé mo mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó jẹ́ ọdún mẹ́ta nígbà yẹn ti ń ta káàdì fóònù báyìí. Ohun tí ìwé àtijọ́ ṣì lè ṣe ni pé kó jẹ́ kí ẹ fi àdúgbò kan wé èkejì: èwo ló kún, èwo ló ṣófo. Ẹ má fi ṣírò iye àga tí ẹ ó rà.

Orúkọ ìlú náà pàápàá jẹ́ ìdẹkùn. Ìwé ìjọba kan á pè é ní Sèmè-Podji, òmíràn Sèmè-Kpodji, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kan á sì kọ ọ́ láìsí àmì. Ekpè àti Ekpé, Tohouè àti Tohoué, bákan náà. Bí ẹ bá wá a lọ́nà kan tí ẹ kò rí i, ẹ tún un wá lọ́nà kejì kí ẹ tó bínú.

Ní ti iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe, ojú-ìwé rẹ̀ ni marches-publics.bj. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba àti mérì ń gbé ètò ọdún wọn síbẹ̀, wọ́n ń gbé ìkéde iṣẹ́ síbẹ̀, wọ́n sì ń gbé orúkọ ẹni tó gba iṣẹ́ síbẹ̀. Bí ẹ bá ń wá ilé-ìwé, gbólóhùn tí wọ́n sábà máa ń lò ni "module de trois salles de classe", ìyẹn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tí wọ́n kọ́ pa pọ̀, lọ́pọ̀ ìgbà pẹ̀lú ọ́fíìsì àti yàrá ìkẹ́rù. Ẹ kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀ nínú ìwé kékeré yín: orúkọ ilé-ìwé, ẹni tó gba iṣẹ́, iye owó, iye oṣù tí wọ́n fún un. Kí ẹ wá gun kẹ̀kẹ́ zem lọ síbẹ̀. Yàrá mélòó lẹ rí? Ṣé òrùlé wà lórí rẹ̀? Ẹ ya àwòrán rẹ̀, kí ọjọ́ hàn lórí rẹ̀. Ìrìn àjò zem kan ṣoṣo yìí ṣe pàtàkì ju ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ tí a ń sọ lórí rédíò nípa ìwà ìbàjẹ́ lọ.

Ìjọba orílẹ̀-èdè Benin kò ṣe é burú rárá ní ti ìnáwó. Nínú ìwádìí àgbáyé tí wọ́n fi ń wọn bí ìjọba ṣe ń fi ìṣúná hàn sí, Benin gba 65 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2021, Nàìjíríà gba 45. Ọdọọdún ni Benin ń ṣe ìwé ìṣúná kékeré fún ará ìlú. Ṣùgbọ́n èyí tó kan kòtò tó wà níwájú ilé yín, mérì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ náà sì ti ń dín kù.

Bí ẹ kò bá rí i lójú-ìwé

Ẹ kọ lẹ́tà. Òfin ìpìlẹ̀ Benin ti 11 oṣù Kejìlá 1990, ní abala 8, ní ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ sí ìròyìn bákan náà, bó ṣe ní ẹ̀tọ́ sí ìlera àti ẹ̀kọ́. Òfin ìròyìn tí wọ́n ṣe ní 20 oṣù Kẹta 2015 tún ṣí ọ̀nà sí ohun tó wà lọ́wọ́ ìjọba. Nàìjíríà ní tirẹ̀ láti 2011, ọjọ́ méje ló sì fún ilé-iṣẹ́ ìjọba láti fèsì. Ẹ má lọ sí mérì bí ẹni tó wá tọrọ.

Kí lẹ́tà náà kúrú. Kí ó lọ sọ́dọ̀ olórí mérì fúnra rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí akọ̀wé aláṣẹ (secrétaire exécutif) tó ń darí iṣẹ́ ojoojúmọ́ níbẹ̀ láti ìgbà òfin ìṣàkóso ìbílẹ̀ ti 2021. Ẹ béèrè ohun kan ṣoṣo, kí ẹ dárúkọ ọdún rẹ̀. Ẹ má kọ pé, "A fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń náwó wa." Ẹ kọ pé, "A fẹ́ ẹ̀dà àkọọ́lẹ̀ ìnáwó mérì fún ọdún 2023, apá tó kan gọ́tà ní Ekpè, bó bá ṣeé ṣe ní fáìlì Excel." Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀dà méjì. Ọ̀kan á dúró níbẹ̀. Èkejì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n gbà á, kí ẹ mú un padà sílé. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, ẹ kò kọ ọ́. Ẹ padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì pẹ̀lú ẹ̀dà yẹn lọ́wọ́, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù béèrè. Ẹ kí akọ̀wé tó wà lẹ́nu ọ̀nà dáadáa. Òun ló mọ tábìlì tí lẹ́tà yín sùn lé.

Bí ẹ bá ti rí ohun tí ẹ ń wá, ẹ ṣọ́ ọwọ́ yín. Nọ́ńbà ìnáwó, ẹ lè gbé e sí ẹgbẹ́ WhatsApp àdúgbò. Káàdì ìdánimọ̀ ẹni tó ń ta ilẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, orúkọ aláìsàn, àdírẹ́sì opó, ìwọ̀nyí kì í ṣe ti gbogbo èèyàn. Òfin ayélujára Benin tó jáde ní oṣù Kẹrin 2018 dáàbò bò wọ́n, ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní APDP ló sì ń ṣọ́ ọ. Ohun tó kan ìlú ni kí ẹ gbé síta, kí ẹ fi ti aládàáni sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú rẹ̀

Mo mọ̀ pé òṣìṣẹ́ mérì á ka èyí. Ọ̀gá mi, àkọsílẹ̀ tí ẹ ya ní fọ́tò, tí ẹ sọ di PDF wíwọ́, kò tíì di ti gbangba. Kò sí ẹni tó lè ro nọ́ńbà inú rẹ̀ pọ̀. Ẹ gbé tábìlì náà síta bó ṣe wà nínú Excel, ìlà kan fún ohun kan: gọ́tà kan, ìlà kan, ilé-ìwé kan, ìlà kan. Orúkọ àdúgbò, ẹ yan ọ̀nà kan tí ẹ ó máa gbà kọ ọ́, kí ẹ má yà kúrò níbẹ̀ mọ́. Kí ọjọ́ tí ẹ ṣe é wà lókè, kí orúkọ ọ́fíìsì tó ṣe é wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí gbólóhùn kan sì sọ pé ẹnikẹ́ni lè lò ó.

Mi ò nífẹ̀ẹ́ sí ayẹyẹ. Mo ti rí ojú-ìwé àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi ìlù àti asọ̀rọ̀ méje ṣí, ní ọdún kejì nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ ṣì jẹ́ ti ọjọ́ ayẹyẹ. Tábìlì kan tí ẹ ń tún ṣe lóṣooṣù, tí ẹ sì lẹ̀ mọ́ ògiri mérì pẹ̀lú, sàn ju ojú-ìwé aláràbarà tó ti kú. Ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́jà kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n wọ́n ń kọjá níwájú ògiri yẹn lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ekpè, Djèrègbé, Agblangandan, ẹ má dúró de mérì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ tiyín. Ní oṣù Kẹwàá tó ń bọ̀, bí omi bá dé, kí ẹnì kan nínú yín ṣí ìwé kan tó ní òpó márùn-ún: ọjọ́, ibi, X àti Y láti inú fóònù, àti ibi tí omi dé lára èèyàn. Kókósẹ̀, orúnkún, ìbàdí. Ẹ ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ní ibi mẹ́wàá tí ẹ kò ní yí padà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀dà méjì, kí ẹ gba òǹtẹ̀ sórí ọ̀kan ní mérì.